OHUN TÍ A Ń KÀ ÀTI OHUN TÍ A KÀ SÍ

Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wà nínú èdè wa tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni “kà”. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa ka ìwé, oníṣòwò a máa ka owó; bí ẹnìkan bá sì bu ọlá fún wa, a ó ní ó kà wá sí. Ẹni tí kò náání ọmọnìkejì rẹ̀, a ní kò ka onítọ̀hún kún. Ìwé kíkà, iye kíkà, àti ọ̀wọ̀ tí a ń fún ènìyàn: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ru ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fara balẹ̀ rò ó yóò rí i pé ìbéèrè kan fara pamọ́ síbẹ̀, èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ yẹ̀ wò: ohun tí a kò bá lè kà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a má kà á sí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn amòye nìkan. Ó ń wọ iléèwé wa wá lójoojúmọ́ nínú ẹ̀kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ a máa kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pín sí ọ̀nà méjì, aṣeékà àti aláìṣeékà. Èyí tí ó ṣeé kà a máa gba “a” tàbí “an” síwájú nígbà tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, a sì máa yí padà nígbà tí ó bá di púpọ̀: “book” a di “books”. Èyí tí kò ṣeé kà kì í gba “a” síwájú, kì í sì í gba “s” lẹ́yìn: “water”, “sand”, “advice”, “information”, “furniture”. “Many” ni a ń lò fún ti ìṣáájú, “much” ni a ń lò fún ti ìkejì.

Ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó sì há a sórí. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó ń kọ àròkọ, ó kọ “advices”, ó kọ “informations”, ó sì kọ “furnitures”. Olùkọ́ fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ wọn. Kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. Nínú èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, ènìyàn lè gba ìmọ̀ràn mẹ́ta lọ́wọ́ àgbà, ó lè gbọ́ ìròyìn méjì láàárọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Èwo wá ni ó tọ̀nà? Ṣé ìmọ̀ràn ṣeé kà ni, tàbí kò ṣeé kà?

Kí a lè rí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí a fi ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ sí ọjà. Ọjà Akẹ̀sán ni a yàn, ní ìlú Ọ̀yọ́, ọjà ọba tí ó wà níwájú ààfin Aláàfin. Ní ìsọ̀ ẹni tí ń ta oúnjẹ, ìrẹsì wà nínú abọ́ ńlá kan, ẹ̀wà sì wà nínú èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kóńgò kan náà ni a fi ń wọn méjèèjì. Kò sí ẹni tí ń ka hóró ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń ka hóró ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá dé ìsọ̀ yìí, ó ya àwọn méjèèjì nípa. Ó pe ìrẹsì ní “rice”, ó ní kò ṣeé kà. Ó pe ẹ̀wà ní “beans”, ó ní ó ṣeé kà.

Bí ẹnìkan bá wí pé hóró ẹ̀wà tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, nítorí náà ni a fi lè kà á, ẹ jẹ́ kí ó wo oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ọkà méjì ni “wheat” àti “oats”, àwọn hóró wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Síbẹ̀ “wheat” kì í gba “s”, “oats” kì í sì í fi “s” sílẹ̀. Ní ayé àtijọ́, “pease” ni wọ́n ń pe irú ẹ̀wà kan, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti kíkà. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ènìyàn rò pé “s” tí ó wà ní ìparí rẹ̀ jẹ́ àmì ọ̀pọ̀. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n sì ṣẹ̀dá “pea” fún ẹyọ kan. Ẹ̀wà náà kò yí padà nínú oko. Etí àwọn ènìyàn ni ó yí padà.

Ẹ tún wo “furniture”. Àga ṣeé kà, tábìlì ṣeé kà, ibùsùn ṣeé kà. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan, wọn kò ṣeé kà mọ́. Èyí tí ó ṣe wá ní kàyéfì jùlọ ni owó. Owó ni ohun tí gbogbo ayé ń kà tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì ní “money” kò ṣeé kà! Náírà ni a lè kà, pọ́n-ùn ni a lè kà. Owó fúnra rẹ̀ bọ́ sí ìhà kejì pẹ̀lú omi àti iyanrìn.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó sún mọ́ wa. Yorùbá wà ní ìhà kejì ààlà, ní Kétu àti ní Pọ́bẹ̀, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí ó jẹ́ pé Faransé ni àwọn ọmọ ń kọ́ ní iléèwé. Ọmọ Kétu kọ́ pé “conseil” ni ìmọ̀ràn, pé ìmọ̀ràn méjì sì ni “deux conseils”; ó kọ́ pé “information” ti Faransé a máa di “informations”, pé ẹyọ ohun ọ̀ṣọ́ ilé kan ni “meuble”, púpọ̀ rẹ̀ sì ni “meubles”. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó kọ irú èyí nínú Gẹ̀ẹ́sì yóò pàdánù máàkì. Ọmọ Kétu tí ó kọ ọ́ nínú Faransé yóò gba tirẹ̀ pé. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí wọ́n sì gba ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu bàbá àgbà kan náà. Nítorí náà, ààlà tí a ń wá kò sí lára ìmọ̀ràn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó fà á.

Otto Jespersen, ọ̀mọ̀wé ará Denmark tí ó mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì dé góńgó, sọ̀rọ̀ nípa ìpín méjì yìí nínú ìwé rẹ̀, The Philosophy of Grammar, tí ó jáde ní 1924. Ó fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ń gbé ohun tí ó ní ààlà tirẹ̀ wá sí ọkàn, bí ilé tàbí ẹṣin, àti pé àwọn mìíràn ń gbé ohun tí kò ní ààlà wá, ìbáà ṣe ohun tí a lè fọwọ́ kàn bí omi, ìbáà ṣe ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn bí ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé ibi tí ọkàn ti rí ààlà ni ahọ́n ti ń kà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn orílẹ̀-èdè kan ti rí ààlà, orílẹ̀-èdè mìíràn lè má rí i níbẹ̀.

Kí ni àwa Yorùbá ń ṣe ní tiwa? Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí ara padà nítorí iye. Ìwé kan, ìwé mẹ́wàá. Ìwé náà dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Bí a bá fẹ́ tọ́ka sí ọ̀pọ̀, “àwọn” wà nílẹ̀. Bí iye bá sì ti hàn, a lè fi “àwọn” sílẹ̀. Àwọn kan ti rò nítorí èyí pé èdè wa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a ń kà àti ohun tí a ń wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ẹ dúró ní Akẹ̀sán, kí ẹ fetí sí bí àwọn olùrajà ti ń béèrè nǹkan. Ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu lè gbọ́ pé, “Iṣu mélòó?” Ẹni tí ó fẹ́ ra gàrí kì yóò gbọ́ pé, “Gàrí mélòó?” bí kò ṣe, “Kóńgò mélòó?” Òṣùwọ̀n ni a kà, kì í ṣe gàrí. Ìyàtọ̀ náà wà. Ó kàn jẹ́ pé inú ìbéèrè ni àwa fi í sí, a kò fi í sí ìdí ọ̀rọ̀.

Nítorí èyí, bí òṣùwọ̀n bá yí padà, ohun tí kò ṣeé kà tẹ́lẹ̀ lè di ohun kíkà. Nígbà tí omi wà nínú odò àti nínú ìkòkò nìkan, ta ni yóò béèrè omi mẹ́ta? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ń di omi sínú ọ̀rá kéékèèké fún títà, ọmọdé lè na ọwọ́ sí oníṣòwò, kí ó sì wí pé, “Ẹ fún mi ní omi méjì,” kí ó sì rí omi méjì gbà.

Ohun tí owó ẹyọ fi kọ́ wa tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àlùfáà Adolphus Mann, ẹni tí CMS rán sí Ìjàyè, ròyìn ní 1887 bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ti í ṣe é. Wọn a da owó sílẹ̀ ní òkìtì, wọn a máa fa márùn-ún márùn-ún jáde títí yóò fi di ogún. Ogún lọ́nà márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di igba. Bí a bá fẹ́ kó o pamọ́, ogójì ni à ń sín sínú okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ẹrù ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àpò ni ọ̀kẹ́. Lónìí, bí a bá ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta ènìyàn, kò sí ẹni tí ó ń ro àpò; iye ni ó ń rò, 60,000. Ẹ kíyè sí ìrìn náà: ohun tí a kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan di ẹrù inú àpò, orúkọ àpò sì padà wá di iye tí a fi ń ka nǹkan mìíràn. Láàárín ohun kíkà àti ohun wíwọ̀n, ọ̀nà gbòòrò wà, àwọn baba wa sì ń rìn ín lọ rìn ín bọ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí olùkọ́ ṣe sí ọmọ tí ó kọ “advices”? Kí ó tún un ṣe, láìsí àní-àní. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ẹni tí ó bá lọ ná ọjà kan gbọ́dọ̀ lo òṣùwọ̀n ọjà náà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ fún ọmọ náà pé àṣìṣe rẹ̀ wá láti inú òpònú, tàbí pé èdè ìyá rẹ̀ kò ní òye. Dípò bẹ́ẹ̀, kí ó mú un lọ sí ìsọ̀ oníṣòwò nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa wí pé “a piece of advice”, “a loaf of bread”, “a piece of chalk”. Kí ni “piece” àti “loaf” bí kò ṣe kóńgò tiwọn? A kò ka ìmọ̀ràn, òṣùwọ̀n ìmọ̀ràn ni a kà: “three pieces of advice”, gẹ́gẹ́ bí a ti í wí pé kóńgò gàrí mẹ́ta. Ọmọ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà rí ti mọ òfin náà kí ó tó wọ iléèwé. Ohun tí ó kù ni kí a fi hàn án pé ohun tí ó mọ̀ ni èyí.

Olùkọ́ tí ó bá ń ṣe báyìí kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Láàárín àwọn ọdún 1980, Helen Verran, obìnrin ará Australia, bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀, Science and an African Logic, jáde ní 2001. Ó ròyìn olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ti ń wọn gígùn. Olùkọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí rúlà. Ó fún wọn ní okùn àti páálí kékeré. Wọ́n fi okùn wọn ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí, wọ́n ka ìlọ́po rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù kún un. Gígùn, tí ìwé ẹ̀kọ́ ń pè ní ohun kan tí ó nà gbọnrangandan, di ìlọ́po okùn tí ọwọ́ ọmọdé lè kà. Ẹ̀kọ́ náà yé àwọn ọmọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ dà bí àṣìṣe lójú àlejò náà ni ó wá kọ́ ọ ní ọgbọ́n, tí ó sì mú un tún ọ̀pọ̀ èrò rẹ̀ rò nípa iye.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó fa ààlà láàárín ohun tí a ń kà àti ohun tí a kì í kà, a jẹ́ pé ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ jíhìn. Gírámà a máa dárí ji ẹni tí ó bá ṣi “s” lò. Ìgbésí ayé kì í tètè dárí jì.

Lọ́nà kìíní, ẹ wo òtítọ́ nínú òṣùwọ̀n. Àwọn kan a máa lu ìdí kóńgò wọnú, kí ó lè gba ohun tí kò tó, síbẹ̀ kí ojú olùrajà máa ka kóńgò pé. Iye pé, ẹrù kò pé. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tí ó ní igba ni òun gbìn, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjà kan náà, oníṣòwò rere a wọn kóńgò tán, a tún bu díẹ̀ lé e: èyí ni a ń pè ní èènì. Kò sí òṣùwọ̀n fún èènì, kò sí ẹni tí ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣírò. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń mú oníbàárà padà wá. Nínú ọjà fúnra rẹ̀, níbi tí a ti ń ka ohun gbogbo, ohun tí a kò kà ni ó di ọ̀rẹ́ mú.

Lọ́nà kejì, ẹ wo bí a ti í ṣe ènìyàn. Ní 1821, a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837, ó ròyìn pé ẹṣin ni a kọ́kọ́ fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, a tún fi òun gba tábà àti ọtí rọ́ọ̀mù pẹ̀lú àwọn ẹrù mìíràn. Ẹ fi ojú gírámà wò ó. Ẹṣin ṣeé kà. Ẹṣin kan, Àjàyí kan. Ṣùgbọ́n tábà kò ṣeé kà, ọtí kò sì ṣeé kà. Wíwọ̀n ni à ń wọ̀n wọ́n. Ní ọjọ́ tí a fi tábà àti ọtí díwọ̀n ọmọ náà, a ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí ó ní orúkọ, a ti jù ú sínú ẹrù. Àwọn oníṣòwò ẹrú Pọtogí tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní “peça”: ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le ni “peça” kan, ọmọdé àti arúgbó kò tó ẹyọ kan, ìdá ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Ènìyàn di kóńgò ìrẹsì.

Àjàyí bọ́ nínú oko ẹrú ní 1822, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó kó o. Ní 1843, òun kan náà, tí ń jẹ́ Samuel Ajayi Crowther nígbà náà, gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí a fi tábà wọ̀n ni ó kó ọ̀rọ̀ èdè wa jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó fún olúkúlùkù ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Àwọn tí ó wọ̀n ọ́n kò mọ ohun tí wọ́n gbé sórí ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé iye tí wọ́n fi lé e ni iye rẹ̀ ní tòótọ́, níbo ni àwa olùkọ́ ìbá wà lónìí?

Nítorí irú ewu yìí ni àwọn baba wa fi kìlọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kì í ṣe pé ọlọ́mọ kò mọ iye ọmọ rẹ̀. Ọmọ ṣeé kà. Gírámà gbogbo èdè yóò jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣeé kà kì í ṣe ohun tí ó yẹ ní kíkà nígbà gbogbo, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn tí ó ń ka ọmọ rẹ̀ ní oókan, eéjì, eéta, ti fi ojú ọjà wò wọ́n.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba kò gbọdọ̀ ka àwọn ará ìlú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a wí. Ní 2006 a ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà, iye náà sì lé ní mílíọ̀nù 140; láìsí irú iye bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ iye iléèwé tàbí kànga omi tí ó yẹ kí ìlú ní? Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ń ka ènìyàn kí ó lè sìn wọ́n àti ẹni tí ń kà wọ́n kí ó lè tà wọ́n. Àwòṣe kíkà rere wà lọ́wọ́ olùkọ́ láràárọ̀: rẹ́jísítà ni. Olùkọ́ kì í wí pé, “Ogójì ni yín,” kí ó sì pa ìwé dé. Ó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ kọ̀ọ̀kan a sì dáhùn, lẹ́yìn náà ni ó tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orúkọ ṣáájú, iye tẹ̀lé e. Bí orúkọ kan kò bá dáhùn, iye kò ní tù ú nínú. Yóò béèrè ohun tí ó ṣe ọmọ náà.

Lọ́nà kẹta, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kò ṣeé kà rárá. “Knowledge”, èyí tí í ṣe ìmọ̀, wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ṣeé kà; “patience”, “honesty” àti “courage” wà níbẹ̀ pẹ̀lú, sùúrù, òtítọ́ inú àti ìgboyà. Síbẹ̀ iléèwé gbọ́dọ̀ wọn ìmọ̀. Nítorí náà a ṣe kóńgò kan fún un, orúkọ rẹ̀ ni máàkì. Kóńgò náà wúlò. Láti ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti St. Andrew’s ti wà ní Ọ̀yọ́, ní 1896, títí di ìgbà tiwa, kò sí iléèwé tí ó lè ṣe é láìsí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóńgò kì í ṣe ìrẹsì. Ẹni tí ó gba 70 kò ní àádọ́rin ìmọ̀. Ẹni tí ó gba 30 kò sì di ìdá ènìyàn. Bí a bá gbàgbé èyí, a ó máa fi máàkì ṣe “peça”, a ó máa sọ pé ọmọ yìí pé ẹyọ kan, pé tọ̀hún kò tó.

Ọjà Akẹ̀sán fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tí ó korò. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, iná jó ọjà náà. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni “mélòó?” Ìsọ̀ mélòó ni ó jó, owó ọjà náà ti tó èló? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, nítorí pé ẹni tí yóò tún nǹkan kọ́ gbọ́dọ̀ mọ iye rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún ọjà náà kọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kọ̀ọ̀kan mọ ohun mìíràn tí kò sí ẹni tí ó lè kọ sínú ìwé: àwìn tí ó wà lórí ọkàn nìkan, oníbàárà tí ó mọ ibi ìjókòó rẹ̀ láti ìgbà ìyá rẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé tí a fi èènì díẹ̀díẹ̀ kó jọ. Àwọn wọ̀nyí kò ṣeé kà. Ta ni yóò wí pé wọn kò jóná, tàbí pé wọn kò ní iye lórí?

Ibi tí a ń lọ ti hàn báyìí. Aláìṣeékà kì í ṣe aláìníláárí. Gírámà pín ọ̀rọ̀ sí méjì kí a lè sọ̀rọ̀ tí ó já gaara; kò fún wa ní àṣẹ láti pín ayé sí èyí tí ó ṣe pàtàkì àti èyí tí kò ṣe pàtàkì. Èyí tí a lè kà, ẹ jẹ́ kí a kà á pẹ̀lú òtítọ́, kí ìdí kóńgò wa má wọnú. Èyí tí a lè kà ṣùgbọ́n tí ó ní orúkọ, ẹ jẹ́ kí a pe orúkọ rẹ̀ kí a tó kà á. Èyí tí a kò sì lè kà, ìyẹn gan-an ni ó yẹ kí a máa ṣọ́, nítorí pé kò sí iye tí yóò ké sí wa ní ọjọ́ tí ó bá dín kù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ “advice” láìfi “s” sí i, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ni èdè náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan bá fún yín ní ìmọ̀ràn mẹ́ta, ẹ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ro máàkì pọ̀ tán ní òpin ọdún, ẹ tún ṣí rẹ́jísítà, kí ẹ sì ka àwọn orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó pa á dé.